Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọkọ̀ Ìgbòkun Kékeré Lo Ìsinmi: Láti Ọ̀sà Àjàṣẹ́ Dé Òkè Òkun

Bí ọkọ̀ ńlá àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá gúnlẹ̀ sí Kútọnù, ìròyìn rẹ̀ kì í pẹ́ dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bọ́ọ̀sì á tò bẹẹrẹ, wọ́n á kó àwọn àlejò lọ wo Ganvié tàbí Wídà, wọ́n á ya fọ́tò, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti padà sínú ọkọ̀, ó di ìlú mìíràn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àbúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe ń wọ irú ọkọ̀ yìí?" Èsì mi ni pé bó bá jẹ́ ìsinmi lórí omi lẹ ń wá, ọ̀nà mìíràn wà tó dára jù ú lọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa: ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ á ti mọ orúkọ ara wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé, yálà Àjàṣẹ́ lẹ ń gbé tàbí Kétu tí òkun jìnnà sí.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi owó rà

Ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ní àjà 20, ó sì lè gba èrò tó ju 7,000 lọ, láìtíì ka òṣìṣẹ́. Ẹ wá wo ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun onígi tó ń gbé èrò ìsinmi láti èbúté Rockland àti Camden níbẹ̀ kì í sábà gba ju nǹkan bí èrò 20 sí 30 lọ. Méjì nínú wọn, Lewis R. French àti Stephen Taber, 1871 ni wọ́n kàn wọ́n. Ẹrù ni wọ́n ń kó nígbà náà, igi, bíríkì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irú wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Swift ronú kan ọgbọ́n: ní 1936, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé àwọn ará ìlú ńlá tó fẹ́ sinmi. Iṣẹ́ náà kò tíì parẹ́ títí di òní.

Èyí tó wà láàárín náà wà. Royal Clipper, tí wọ́n ṣe ní 2000, ní òpó ìgbòkun márùn-ún, ó sì ń gba èrò 227. Ẹni tó fẹ́ rí ìgbòkun ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí yàrá òun ní balùwẹ̀ tirẹ̀, irú ibẹ̀ ni kó lọ.

Ọkọ̀ ńlá dà bí òkú ọlọ́lá tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn: ẹ lè jẹ, kí ẹ mu, kí ẹ jó, kí ẹ sì lọ sílé láìfojú kan olóòkú. Ètò wà fún gbogbo wákàtí. Lórí ọkọ̀ kékeré, kò sí ètò ìrìn, tàbí kó jẹ́ orí ìwé lásán ló wà. Ọ̀gá ọkọ̀ á jí láàárọ̀, á wo ojú ọ̀run, á gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, ìgbà náà ni yóò tó sọ ibi tí ẹ máa sùn sí. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Yàrá ibùsùn kéré débi pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹnì kejì tó lè wọ ṣòkòtò. Èrò mélòó kan ló máa ń pín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń ka èyí tí inú yín kò dùn sí i, ọkọ̀ ńlá ló yẹ yín, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ìyá yín tí orúnkún ń dùn wà lára àwọn tó ń lọ, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì: àkàbà inú ọkọ̀ ìgbòkun dúró ṣánṣán, kò ṣe é gùn fún wọn.

Ní ti owó, iye tí ẹ rí fún ọkọ̀ ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe gbogbo owó. Ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bùn òṣìṣẹ́, ìrìn orí ilẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló ní iye tirẹ̀. Lórí ọkọ̀ kékeré, oúnjẹ ojúmọ́ sábà máa ń wà nínú iye tí wọ́n dá, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tí yóò máa fa owó jáde lápò yín. Ẹ má wá rò pé owó rẹ̀ kéré gan-an. Èrò díẹ̀ ló ń pín ìnáwó ọkọ̀ àti owó oṣù òṣìṣẹ́ láàárín ara wọn, nítorí náà iye ọjọ́ kan lè ga ju bí ẹ ṣe lérò.

2. Ẹ dán ara yín wò lórí ọ̀sà kí ẹ tó san owó òkè òkun

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí pé ohun tí ẹlòmíì ń wọ bàlúù lọ wá, ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ gba ojú omi Totchè wọ adágún Nokoué níhà ìwọ̀ oòrùn. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà oòrùn, omi kan náà ni yóò gbé yín dé Àgbádárìgì títí wọ Èkó. Orí omi yìí ni àwọn bàbá wa ń gbà ná ọjà kí títì tó dé.

Ẹni tí kò bá lè fara da ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ onígi lórí ọ̀sà kò ní gbádùn ọjọ́ mẹ́fà lórí òkun. Owó díẹ̀ ni ìdánwò yìí máa ná yín, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ àdánù ńlá.

Ìgbà tó dára jù ni láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Òjò ti dá, omi odò Ouémé ti fà. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, odò náà a máa kún, ewéko olódòdó elésè àlùkò a sì bo ojú omi débi pé ọkọ̀ á máa wọ́ gba inú rẹ̀. Bí omi odò bá wá fà, omi òkun á gba Kútọnù wọlé, iyọ̀ á pa ewéko náà, ojú omi á mọ́. Kí ẹ kàn ṣọ́ra fún ọyẹ́: bí kùrukùru rẹ̀ bá ṣú láàárọ̀ tí ẹ kò rí òdìkejì omi, ẹ dúró títí oòrùn á fi là á.

Ibi tí mo máa ń rán ènìyàn lọ ni Aguégués, àwọn abúlé orí omi tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn Àjàṣẹ́, tí ilé wọn dúró lórí òpó igi. Ganvié lókìkí jù ú lọ, àmọ́ àlejò pọ̀ níbẹ̀, Abomey-Calavi sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọkọ̀ débẹ̀. Odò Dúdú ní Àjàrá náà wà, omi tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ igi. Ó dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í wọ ibẹ̀, nítorí náà kò tó fún ìdánwò tí mò ń sọ.

Ẹ lọ sétí ọ̀sà ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn gan-an. Ẹ kí àwọn ọlọ́kọ̀ dáadáa kí ẹ tó bèèrè iye. Ègùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá lè kí wọn ní èdè wọn, ẹnu ọjà ti yí padà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ kó yé wọn pé ìgbòkun lẹ fẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé àlejò ló ń lo ẹ́ńjìnì, àwọn apẹja ló ṣì máa ń ta ìgbòkun. Bí a ṣe ń sọ ọ́ rèé: "Bàbá, gbogbo ọkọ̀ là ń bá yín ná, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Àlọ àti àbọ̀ ni. Ẹ ó dúró dè wá níbẹ̀ títí a ó fi jẹun tán." Gbólóhùn mẹ́ta yìí ló ń pa ẹnu ìjà dé. Ẹ san ìdajì sẹ́fà náà nígbà tí ẹ bá ń wọkọ̀, kí ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi padà.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ọmọkùnrin tó bá jókòó sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbọ́n omi jáde. Ọkọ̀ onígi tí kò jò rárá ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí omi díẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá ń gbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó tún ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, kò séwu. Àmọ́ bí ọkọ̀ kò bá tíì kúrò létí omi tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì sinmi, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ẹ̀wù ìléfòó, tí àwọn ọlọ́kọ̀ wa ń pè ní jilé, gbọ́dọ̀ wà fún olúkúlùkù. Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ẹ má fi jókòó bíi tìmùtìmù. Ẹ di gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá ní kí ẹnì kan fa èjìká rẹ̀ sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba abẹ́ ìtan kọjá. Ọlọ́kọ̀ lè rẹ́rìn-ín pé láti kékeré ni òun ti wà lórí omi, òun kò sì wọ̀ ọ́ rí. Òótọ́ ni, odò kì í kún bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ẹja.

Ẹ má fò sínú ọkọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ẹ jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tó sanra kí wọ́n wà láàárín. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Láàárọ̀, ojú ọ̀sà sábà máa ń pa rọ́rọ́, àjẹ̀ tàbí ọ̀pá ni wọ́n á fi tu yín lọ. Ẹ máa wo èéfín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi: níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń lọ sókè tààrà, kò sí afẹ́fẹ́. Bí oòrùn bá ti gun ilẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, èéfín á wó lulẹ̀ kọjú sí ìhà Àjàṣẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dìde ní Aguégués, nítorí pé ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ á ti máa tì yín bọ̀ wálé. Atukọ̀ á fi igi méjì na ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán pọ̀, á di okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, á sì fi àjẹ̀ ṣe ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn. Ariwo àjẹ̀ á dákẹ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ pákó. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ di okùn náà mú fúngbà díẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le, okùn á fà. Ẹ tú u díẹ̀, ọkọ̀ á tún dúró déédéé. Gbogbo ìmọ̀ ìgbòkun ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka igi tí ẹ máa rí tí wọ́n rì mọ́ inú omi, akaja ni. Àwọn apẹja ló ṣe é kí ẹja lè sá síbẹ̀ kó sì máa bí sí i. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yín gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má sì fa igi kankan níbẹ̀. Ní ti fọ́tò, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni; iyàrá ìdáná ẹni ló wà lójú omi yẹn, ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ kí àlejò ti ojú fèrèsé ya ìyá yín. Ẹ má wẹ̀ nínú ọ̀sà, omi náà kò mọ́ tó.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ dáhùn ìbéèrè mélòó kan ní tòótọ́. Ṣé òòyì kọ́ yín? Ṣé ẹ lè jókòó fún wákàtí kan láìwo fóònù? Nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ tí ọkọ̀ sì dúró, ṣé ìbínú ni tàbí oorun ló gbé yín? Ẹni tí oorun gbé ni ọkọ̀ ìgbòkun ń wá.

3. Ẹ yan omi tí ẹ fẹ́

Fún ẹni tó ń jáde nígbà àkọ́kọ́, odò Náílì ní Íjíbítì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò sí ìgbì òkun níbẹ̀. Láti Aswan ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n ń pè ní felucca, wọ́n á sì máa lọ níhà Kom Ombo. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yani lẹ́nu: odò náà ń ṣàn lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń fẹ́ láti àríwá wá. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń lọ sí gúúsù á ta ìgbòkun, èyí tó ń lọ sí àríwá á jẹ́ kí omi gbé òun. Ìdí nìyẹn tí odò kan ṣoṣo fi jẹ́ ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ fún àwọn ará Íjíbítì láti ayébáyé. Orí tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sórí ọkọ̀ ni ẹ máa sùn, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, etí odò ni wọ́n ti ń yọ́ lọ. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Lamu ní Kẹ́ńyà tẹ̀ lé e. Ìlú àwọn Mùsùlùmí ni, ó ti pẹ́, UNESCO sì fi sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2001. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló pọ̀ ní òpópónà rẹ̀, kì í ṣe mọ́tò. Ọkọ̀ dhow tó ní ìgbòkun onígun mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé èrò lọ sí erékùṣù Manda, láti wo ahoro ìlú Takwa tàbí láti yan ẹja jẹ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kaskazi, tó ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ló rọrùn jù. Ẹ yẹra fún oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, òjò ńlá ni. Lamu kò sì jìnnà sí ààlà Sòmálíà, nítorí náà ẹ bèèrè bí ààbò ṣe rí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Cap-Vert dára fún àpò wa ní ọ̀nà kan: ó wà nínú ECOWAS, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò nílò físà láti wọ ibẹ̀. Mindelo, ní erékùṣù São Vicente, ni àwọn ọkọ̀ ìgbòkun ń kóra jọ sí. Àmọ́ òkun gbalasa ló wà láàárín erékùṣù kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì le. Kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́.

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lè ronú nípa Maine tí mo ti mẹ́nu bà. Ìparí oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹwàá ni àsìkò wọn. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà ló wọ́pọ̀, láàárín àwọn erékùṣù. Lórí ààrò onígi ni wọ́n ti ń se oúnjẹ lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì máa ń fi ọjọ́ kan gúnlẹ̀ sétí òkun láti se edé ńlá tí wọ́n ń pè ní lobster jẹ níbẹ̀. Kùrukùru a máa bo òkun ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn gan-an.

4. Ẹ bèèrè kí ẹ tó san owó

Ẹni tó ń ta ìrìn àjò á sọ nípa wíwọ̀ oòrùn. Ẹ̀yin ẹ bèèrè nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀: mélòó ni, fún èrò mélòó? Ẹ bèèrè ẹni tó fún ọ̀gá ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ, bóyá rédíò àti ẹ̀wù ìléfòó wà, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ẹ́ńjìnì, àwọn kan nínú ti Maine kò ní. Ọkọ̀ kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnì ni wọ́n so mọ́ ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni yóò máa tì í lọ.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìjì. Ní òkun Caribbean, láti oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, ọkọ̀ ìgbòkun olópòó mẹ́rin kan, Fantome, sọ àwọn èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní Belize nígbà tí ìjì Mitch ń bọ̀. Ó wá gbéra láti sá fún ìjì náà. Ìjì yí ọ̀nà padà, ó bá a létí òkun Honduras, gbogbo òṣìṣẹ́ 31 tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ tó bá fẹ́ kí ẹ fọkàn tán òun gbọ́dọ̀ lè sọ fún yín pé, ní irú ọjọ́ báyìí, èbúté báyìí ni a ó sá sí, a kò sì ní gbéra. Bó bá fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ gba owó yín padà.

Fún àwa Mùsùlùmí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ sílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí abọ́ bá ti dé iwájú. Alásè kan ṣoṣo ló wà, ọjà kò sì sí lójú òkun. Ní ti ìrun, ọkọ̀ tó so ìdákọ̀ró máa ń yí bí afẹ́fẹ́ bá ṣe yí. Ẹ wo àtọ́nà inú fóònù ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó dúró.

5. Ìwé

Ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lórí ìwé ìrìnnà yín. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù kí físà tó jáde, kí ẹ sì dé ìlú èbúté ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọkọ̀ ìgbòkun lè gbójú fo ètò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi òkun bá ti ń fà, kò ní dúró dè yín.

6. Àpò

Báàgì rírọ̀ ni kí ẹ gbé, èyí tó ṣe é ká kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí onítáyà kò ní ibi tó máa jókòó sí, ọ̀gá ọkọ̀ sì lè ní kí ẹ fi í sílẹ̀ léèbúté. Agbádá àti gèlè, ẹ fi sílé. Bàtà tí ìdí rẹ̀ kì í yọ̀, tí kì í sì í fa ìlà dúdú sórí pákó, fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀wù òtútù, kódà bí ibi tí ẹ ń lọ bá gbóná, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun lóru yàtọ̀, ẹ̀wù òjò, iná tí a ń so mórí, àpò ọ̀rá fún fóònù. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún fóònù (power bank) gbọ́dọ̀ kún, nítorí pé ihò iná kì í pọ̀ lórí ọkọ̀. Ẹ mú òògùn tí ẹ ń lò déédéé ní ìlọ́po méjì iye ọjọ́ náà, kí ẹ pín in sí báàgì méjì. Àti atalẹ̀. Tútù tàbí gbígbẹ, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín.

7. Lórí ọkọ̀

Ní ọjọ́ kìíní, òṣìṣẹ́ á fi ibi gbogbo hàn yín. Ẹ fetí sílẹ̀ jù nígbà tó bá dé orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa omi rẹ̀, ihò rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Òfin àwọn atukọ̀ ni pé ohun tí ẹ kò bá kọ́kọ́ jẹ, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Wọ́n á pè yín wá fa ìgbòkun sókè. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ lọ. Ẹ tò sídìí okùn, ẹ fà á pẹ̀lú ìwọ̀n ara yín, kì í ṣe pẹ̀lú apá nìkan. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé kí ẹ dúró, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ má fi okùn yí ọwọ́ láéláé. Bí ìgbòkun bá gba afẹ́fẹ́ lójijì, okùn náà á lọ, ọwọ́ yín á sì bá a lọ. Ẹ sì máa wo igi gbọọrọ tó na ìsàlẹ̀ ìgbòkun: nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí ojú padà, igi yẹn á gbá kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọ̀gá ọkọ̀ á pariwo kó tó yí. Ẹ kọ́kọ́ tẹrí ba, kí ẹ tó bèèrè ohun tó sọ.

Bí ẹ bá ń rìn, kí ọwọ́ kan máa di ọkọ̀ mú nígbà gbogbo.

Òòyì àti èébì kì í ṣe àbùkù, ó ń ṣe àwọn atukọ̀ àgbà pàápàá. Ohun tó ń fà á ni pé etí inú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì, ojú sì ń wo ògiri tí kò mì. Nítorí náà, ẹ má wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó síta, sí àárín ọkọ̀ níbi tí kì í ti í mì jù, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀run ti pàdé omi. Ẹ jẹ ẹ̀kọ tútù tàbí búrẹ́dì díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí inú ṣófo. Ẹ jẹ atalẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn lẹ fẹ́ lò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ apòògùn kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì lò ó kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí pé bí èébì bá ti dé, oògùn kì í dúró nínú. Ẹni tó bá fẹ́ bì, ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kó kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ara aládùúgbò ni yóò padà sí.

Omi tí kò níyọ̀ níye lórí ọkọ̀. Ẹ rẹ aṣọ, ẹ nura, ó tó. Wíwẹ̀ gidi dọjọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀.

Ọjọ́ kan lè wà tí afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́ rárá. Ẹ má bi ọ̀gá ọkọ̀ pé nígbà wo la máa dé. Ẹ ju ìwọ̀ sómi, ẹ ta ayò, ẹ ní kí alásè jẹ́ kí ẹ bó iṣu tàbí ọ̀dùnkún fún un. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo òfófó ọkọ̀.

Ní òpin ìrìn, ẹ bèèrè bóyá àpótí kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń pín ẹ̀bùn owó, kí ẹ fi tiyín síbẹ̀, kí ọmọ tó ń fọ abọ́ má bàa padà lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá sì sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ lè máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín fún wákàtí mélòó kan, pàápàá nínú balùwẹ̀ tí ògiri yí ká. Á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ jẹun, kí ẹ tó gun ọ̀kadà tàbí wa mọ́tò.